Ọnàdìran Tó Rán Bàtà fún Odò

Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ kò ní odò. Ó ní kànga, ó ní ìkòkò ní gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó sì ní òjò lásìkò òjò. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ nípa omi kò ju èyí lọ, wọn kò sì rojọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ awọ ni wọ́n ń ṣe. Bí àlejò bá ń bọ̀, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé ìlú, torí awọ tí wọ́n sá sórí ògiri a máa kí ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn. Ní agbo ilé àwọn oníṣẹ́ awọ yìí ni wọ́n bí Ọnàdìran sí, ẹni tó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín awọ ewúrẹ́ àti awọ àgùntàn kí ó tó mọ ìyàtọ̀ láàárín àbúrò bàbá rẹ̀ méjì.

Ọnàdìran mọ iṣẹ́. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ó máa ń so ọ̀bẹ awọ pẹlẹbẹ kan mọ́ ọrùn, kò sì sí ohun tó lè mú un bọ́ ọ, ì báà jẹ́ oorun. Ó ní okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ń wọn nǹkan, kò sì tíì pàdé ohun tí okùn náà kò lè wọ̀n. Ó ti wọn orí ẹṣin, ó ti wọn ikùn ìjòyè. Ó wọn ẹsẹ̀ Baálẹ̀ nígbà tó wú, ó tún un wọ̀n nígbà tó fọn, bàtà méjèèjì sì bá a mu. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú: "Ọmọ mi, omi ni ọ̀tá awọ." Ọnàdìran pa òfin náà mọ́ débi pé bí òjò bá ṣú, òun àti àwọn ewúrẹ́ ló máa ń jọ du ẹnu ọ̀nà.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan gbé ẹja gbígbẹ wá láti Etídò, abúlé àwọn apẹja tó wà lẹ́bàá odò Lámọ̀, ìrìn ọjọ́ kan sí Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́. Iwájú ìsọ̀ Ọnàdìran ni okùn bàtà rẹ̀ já sí. Omíyalé ni orúkọ rẹ̀. Ọnàdìran wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Nígbà tó fẹ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, Omíyalé fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹsẹ̀ yìí ń dàgbà ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ rí i dájú ni."

"Ẹ ti rí i dájú. Okùn ló já, ẹsẹ̀ kọ́."

Bàtà náà kò tètè parí, torí pé ẹni tó ń rán an kò fẹ́ kó parí. Nígbà tó máa fi parí, Omíyalé ti gbà pé òun yóò fẹ́ ẹ, Ọnàdìran sì ti rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹkẹ́, gẹ́gẹ́ bí alárinà lọ bá àwọn òbí ọmọ ní Etídò. Àǹkẹ́ fi ẹ̀rín lọ, ó fi ìrònú dé.

"Ṣé wọ́n gbà?" Ọnàdìran béèrè kí ó tó kí i káàbọ̀.

"Wọ́n gbà. Igbá ìdána tí a gbé lọ náà, wọ́n gbà á. Ohun kan péré ló kù tí wọ́n ń béèrè. Ẹja kan ni."

"Ẹja kan! Màá ra apẹ̀rẹ̀ ẹja kan fún wọn."

"Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rà." Àǹkẹ́ jókòó. "Ní Etídò, bàbá ìyàwó ni yóò dẹ ìgèrè sáàárín odò, apẹ̀rẹ̀ yẹn tí ẹja ń wọ̀ tí kì í rí ọ̀nà jáde. Yóò so ó mọ́ òpó. Ẹni tó fẹ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ odò lọ gbé e wá, tòun tẹja. Kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a gbé e. Bí odò bá kún bo orí òpó tí ìgèrè ṣì wà nínú omi, wọ́n á dá igbá ìdána wa padà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí kò lè wọ odò kò lè bọ́ ọmọ odò."

Ọnàdìran wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n sọ pé ẹsẹ̀ ọ̀hún gbọ́dọ̀ tutù?"

Àǹkẹ́ wò ó. "Wọn ò sọ. Mo rò pé wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè béèrè."

"Tí wọn ò bá sọ ọ́, a jẹ́ pé kò sí nínú òfin." Ọnàdìran dìde, ó mú okùn ìwọ̀n rẹ̀ lórí èèkàn. Ó ti rí i pé iṣẹ́ bàtà ni ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ bàtà kì í sì í ṣe ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Nígbà tó dé Etídò, ó bá bàbá Omíyalé níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹjalónibú ni wọ́n ń pè é, àgbàlagbà kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ kí èyí tó kù tó òun lò dọjọ́ alẹ́. Ọnàdìran dọ̀bálẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ.

"Àna mi, o káàbọ̀. Kí lo fẹ́ fi okùn yẹn ṣe?"

"Odò ni mo fẹ́ wọ̀n, Baba."

Ẹjalónibú wo okùn, ó wo odò. "Kò burú. Ó wà níbẹ̀ yẹn. Kò ní sá lọ."

Nínú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí, Ẹjalónibú kò sọ gbogbo òótọ́.

Omíyalé fi ọkọ̀ gbé Ọnàdìran dé ìdí òpó, torí òfin kò sọ pé kí wọ́n má fi ọkọ̀ wọn odò. Ọnàdìran di ojú, ó ju okùn sómi, ó so kókó síbi tí omi dé, ó tún la ojú nígbà tí ọkọ̀ kan ilẹ̀. Kókó náà bá orúnkún rẹ̀ dọ́gba. Inú rẹ̀ dùn. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń pa odò náà láró díẹ̀díẹ̀, ó ti ń pọ́n, ohun kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Ọnàdìran lọ́kàn, torí ó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ó padà sọ́dọ̀ Ẹjalónibú.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, bí odò bá kún, tó sì dọ̀tí báyìí, báwo ni ẹja ṣe ń ríran? Ṣé omi kì í bò wọ́n lójú ni?"

Ẹjalónibú fi eyín gé okùn àwọ̀n. Ó ronú lé ọ̀rọ̀ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Mi ò bi wọ́n rí," ó ní. "Bó o bá dé ọ̀hún, bi wọ́n."

Ọnàdìran padà sílé, ó jókòó ti ọ̀rọ̀ bàtà bí ìgbà tí àwọn ìjòyè bá jókòó ti ọ̀rọ̀ ogun. Awọ wo ni yóò lò? Àǹkẹ́ gbé àpótí ìjókòó wá síwájú ìsọ̀, ó ní òun fẹ́ rí òpin rẹ̀.

"Awọ ewúrẹ́ rọ̀," ni Ọnàdìran wí, ó ń fọwọ́ pa á. "Kì í jẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀."

"Ewúrẹ́ tó ń sá fún òjò nígbà tó wà láyé, ṣé ikú ni yóò wá kọ́ ọ ní odò wíwẹ̀?"

Ọnàdìran rò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó gbé awọ ewúrẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ti àgùntàn ńkọ́?"

"Ẹni tó bá ṣíwájú ni àgùntàn ń tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ pé odò ló ṣíwájú ńkọ́?"

Wọ́n gbé ti àgùntàn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Awọ ọ̀nì ìbá dára, ṣùgbọ́n ọ̀nì kan ṣoṣo tí wọ́n gbúròó rẹ̀ nítòsí ṣì wọ awọ rẹ̀ sọ́rùn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ lọ bá a dúnàádúrà. Ó wá ku ti màlúù.

"Màlúù máa ń la odò kọjá," Ọnàdìran ní.

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi ń là á kọjá. Ìwọ, mélòó lo ní?"

Ọnàdìran ti fa ọ̀bẹ ọrùn rẹ̀ yọ. Ó ti ń gé awọ. Ó rán bàtà méjì tó ga dé orúnkún, ó lé ìka mẹ́ta sí i nítorí ọ̀wọ̀. Ó fi òrí pa á nínú lóde, ó yọ́ ìda oyin sí gbogbo ojú ibi tó ti rán an. Kí ó lè mọ̀ bóyá ó jò, ó bu omi kún un láàárọ̀, ó gbé e kọ́. Omi tó bù sínú rẹ̀ láàárọ̀, òun náà ló bá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀kán kan kò dín. Inú Ọnàdìran dùn gan-an. Kò béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé kí ni bàtà náà ń gbìyànjú láti sọ fún òun.

Ní ọjọ́ tó wọ odò, ìdajì Etídò jáde wá wòran. Òjò ńlá ti rọ̀ lókè odò láàárín ọjọ́ tó fi ń rán bàtà. Odò tí Ọnàdìran wọ̀n kò sí níbẹ̀ mọ́. Òmíràn ti wá jókòó sípò rẹ̀, ó sì sanra jù ú lọ. Kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà, omi ti gba ẹnu bàtà wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo bí ẹsẹ̀ onígbèsè. Ó fà á padà sétí odò pẹ̀lú ìṣòro, ó jókòó, ó da bàtà dé. Omi jáde, akàn kan tẹ̀ lé e, ẹja wẹ́wẹ́ kan sì jáde gbẹ̀yìn, ó ń ta pọ́npọ́n.

Ìyá Ìdòwú, tó ń yan ẹja lẹ́bàá odò, pàtẹ́wọ́. "Àna wa, ẹ káre o! Ṣé bàtà lẹ wọ̀ ni àbí ìkòkò ọbẹ̀?"

Àwọn àgbà odò jókòó lé ọ̀rọ̀ ẹja wẹ́wẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó ẹja àna. Ọ̀kan ní ẹja ni ẹja ń jẹ́. Òmíràn ní ẹja tí ẹnìkan kò mọ̀ pé òun pa kì í ṣe ti ẹni náà. Ẹjalónibú gbọ́ tẹnu gbogbo wọn tán, ó ní ìgèrè ni òfin dá lé, bàtà kì í sì í ṣe ìgèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gbà pé wọ́n jọra. Wọ́n dá ẹja náà padà sódò.

"Odò tí mo wọ̀n kọ́ nìyí," Ọnàdìran ń wí, ó ń fún ìpẹ̀kun ṣòkòtò rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí oníbàárà tàn jẹ.

Ó tún odò wọ̀n. Ó lọ, ó rán èyí tó ga dé itan. Nígbà tó máa fi dé, odò ti dé ìbàdí. Ìtàn ọjọ́ yẹn kò gùn, torí Ọnàdìran kò rìn jìnnà. Akàn méjì ló jáde lọ́tẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn tí àwọn òǹwòran ti tú ká, Omíyalé wá bá a níbi tó ti sá bàtà sórí àpáta. Àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ wo òpó yẹn," ó ní.

Ọnàdìran wò ó. Èyí tó kù lókè omi kò ju igbọ̀nwọ́ kan lọ.

"Òjò kan sí i," Omíyalé ní, "ó ti bò ó nìyẹn. Baba ò sì ní yí ọ̀rọ̀ padà nítorí pé mo sunkún. Ẹ bọ́ nǹkan yìí sílẹ̀, kí n kọ́ yín ní odò wíwẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbọ́njú."

"Kí àwọn èèyàn wá máa wí pé ìyàwó ló kọ́ ọkọ ní odò wíwẹ̀?"

"Ṣé kí wọ́n máa wí pé ìyàwó ló sin ọkọ ló wù yín?"

Ọnàdìran bojú wẹ̀yìn. "Èyí tí mo máa rán báyìí á dé abẹ́ apá. Màá fi ọ̀já fún un mọ́ àyà. Omi ò ní rí ọ̀nà wọ̀ ọ́."

"Tó bá wọ̀ ọ́, ibo ló máa gbà jáde?"

"Kò ní wọ̀ ọ́."

"Mo ti gbọ́. Tó bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Ọnàdìran ní omi tí kò wọlé kò nílò ẹnu ọ̀nà. Omíyalé wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹja tó ń fi ẹsọ̀ rìn wọ inú ìgèrè, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ léjìká, ó lọ.

Nílé, Àǹkẹ́ ní tirẹ̀ bá a gbé e wò láti ọ̀nà mìíràn. "Ọnàdìran, ibi tí ọgbọ́n mi mọ, ẹni tó máa wọ bàtà ni wọ́n ń wọ̀n. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, odò lò ń wọ̀n. Ta ni ò ń rán bàtà fún gan-an, ìwọ tàbí odò?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, kò ráyè dúró níbẹ̀, torí ojú ọ̀run ti ń ṣú. Odidi awọ màlúù méjì ni bàtà náà gbà, ṣòkòtò ni, bàtà ni, ẹ̀wù ni. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó kan ẹsẹ̀ òsì, okùn tó dára sì ti tán. Ó fi àjákù okùn rán an láti itan dé orúnkún, ìrán jáńjálá tí bàbá rẹ̀ ìbá torí ẹ̀ nà án. Ó da ìda bò ó. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, àfi òun.

Nígbà tó padà dé etí odò, gbogbo Etídò ló wà níbẹ̀, àwọn kan sì tẹ̀ lé e láti Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ tí wọn kò rí odò rí láyé wọn. Òpó ku bí ìka mẹ́rin lókè omi. Òjò ń dún lókè. Ọnàdìran wọ bàtà, Àǹkẹ́ bá a fa ọ̀já mọ́ àyà. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé abíyá, awọ ni. Kò lè tẹ orúnkún. Ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi àpò àgbàdo méjì ṣe ẹsẹ̀ fún.

"Àna wa," Ìyá Ìdòwú pè é, ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, "tí ara bá ń yún yín nínú ibẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Ọnàdìran kò tíì ro ti ìyẹn. Ó fi ọ̀pá wá ilẹ̀ níwájú, ó wọ odò.

Bí omi ti dé ìbàdí rẹ̀ ni bàtà náà wú. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ẹsẹ̀ Ọnàdìran sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti ga ju orí rẹ̀ lọ. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó ń ta gìrọ́gìrọ́, ó ń lọ. Àwọn ará Etídò kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n na ọrùn. Ọmọ odò ni wọ́n, wọ́n sì ti rí oríṣiríṣi nǹkan lórí odò, ṣùgbọ́n wọn kò rí irú èyí rí. Omi dé àyà rẹ̀, ara rẹ̀ ṣì gbẹ. Ó dé ìdí òpó. Ó tú okùn ìgèrè, ó fà á, ó wúwo. Ẹja wà nínú rẹ̀! Ọnàdìran yí padà sétí odò, ó gbé ìgèrè sókè kí wọ́n lè rí i, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

Ihò kan wà níbẹ̀. Odò ló gbẹ́ ẹ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n.

Omi gba abíyá rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kún ẹsẹ̀ òsì, ó kún àyà. Ọnàdìran lọ sísàlẹ̀ ní ìdúró, ìgèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán nísàlẹ̀ odò bí òpó kejì. Ó gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbé. Omi tó wọ inú bàtà kò jò jáde. Iṣẹ́ tó dára ni.

Ibẹ̀ ló ti bá ẹja pàdé. Àrọ̀ ńlá kan ni, ó na irùngbọ̀n rẹ̀ síta láàárín ọpá ìgèrè, ojú òun àti ti Ọnàdìran kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ síra. Omi náà pọ́n, yẹ̀pẹ̀ ń ta Ọnàdìran lójú, ó ń ṣẹ́jú, ó ń fún un pọ̀, ó tún ń là á. Ojú àrọ̀ là sílẹ̀ rekete. Kò ṣẹ́jú. Kò nu ojú. Ó ń wo Ọnàdìran bí onílé ṣe ń wo àlejò tó wọlé láìkágò.

Ikú ti di Ọnàdìran mú lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ráyè sọ pé: "Háà. Kì í bò wọ́n lójú."

Ọ̀rọ̀ kejì tẹ̀ lé e kíákíá, torí afẹ́fẹ́ ti ń tán láyà rẹ̀: "Ilé rẹ̀ nìyí, kò lè ṣìnà nínú rẹ̀. Èmi ńkọ́? Ibo ni ilé tèmi?"

Ọwọ́ rẹ̀ ló dáhùn. Ó ti lọ sí ọrùn kí ó tó rán an. Ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ awọ, ọwọ́ Ọnàdìran kò nílò ojú rí. Ó fi ọ̀bẹ gé ọ̀já àyà. Ó fi ìka wá itan òsì, ó rí ìrán jáńjálá náà, ìrán ìtìjú tí òun nìkan mọ̀, ó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Àjákù okùn náà kò jà rárá. Bàtà là láti itan dé orúnkún bí èèpo ẹ̀pà, omi tú jáde, ẹsẹ̀ òsì yọ, ó fi í ti ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àfi ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Ọnàdìran wọ odò ní ìhòòhò.

Lókè, Àǹkẹ́ ti ń ké. Ẹjalónibú ti dìde. Omíyalé kò ké, kò sì dúró béèrè òfin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ó ti bẹ́ sódò. Orí Ọnàdìran yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń họ omi bí ajá, Omíyalé sì gbá a mú lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ ju ìgèrè yẹn sílẹ̀!"

"Mi ò jù ú!" Ó gbé omi mì. "Ẹja àna ni!"

"Ẹ jù ú, mo ní!"

"Wà mí lọ!"

Ó wà á lọ. Wọ́n dé etí odò, Ọnàdìran nínú bàǹtẹ́, ìgèrè ní àyà rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n wẹ̀yìn, òpó kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi ti lọ lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà odò tún jókòó. Ọ̀kan ní òfin ti bàjẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá àna gbé ìgèrè. Gbogbo wọn yíjú sí Ẹjalónibú, Omíyalé náà sì dúró níbẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀.

Ẹjalónibú ronú. "Ọmọ mi kò gbé ìgèrè," ó ní. "Ó gbé ẹni tó gbé ìgèrè. Àwọn baba wa kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Mo rò pé wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é."

Àǹkẹ́ jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ti bàtà náà, odò gbé e lọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù ní ẹsẹ̀ ọ̀tún mú kí ó nàró nínú omi, ó ń lọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, kò ní orí. Wọ́n ní nígbà tó kọjá ní abúlé kejì, àwọn àgbà ibẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n bi í pé kí ló fẹ́. Kò dáhùn. Wọ́n ṣì ń jiyàn di òní bóyá inú ló bí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá Omíyalé se àrọ̀ náà. Wọ́n fi aṣọ ìbora bo Ọnàdìran lẹ́bàá iná, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ẹjalónibú jókòó tì í, ó jẹ orí ẹja tán.

"Àna mi. Ìbéèrè kan wà tó o bi mí lọ́jọ́sí, tí mo ní kó o lọ bi wọ́n."

"Mo bi wọ́n, Baba."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Odò kún, Baba, ó bo òpó. Ó bo bàtà. Èmi náà, ó bò mí lójú pátápátá. Ojú ẹja nìkan ni kò bò."

Ẹjalónibú mi orí. Ó tọ́ka sí ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Nínú òkùnkùn ibẹ̀ yẹn, ta ló fi ibi tó o máa gé hàn ọ́?"

"Kò sẹ́ni, Baba. Èmi ni mo rán an."

"Ẹn-ẹ́n," Ẹjalónibú ní, ó tún bu ọbẹ̀ sí i fún un. "A jẹ́ pé ìwọ náà ní odò tìrẹ. Kàn jẹ́ kí àwa máa wọ tiwa lọ."

Omíyalé kọ́ Ọnàdìran ní odò wíwẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, gbogbo Etídò sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ọnàdìran sọ lẹ́bàá iná ọjọ́ náà kò dúró ní Etídò, ó gòkè dé Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ó sì kọjá ibẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ìṣòro bá yí ẹni tó mọ ibùgbé rẹ̀ ká, tí àwọn òǹwòran rò pé ó ti parí fún un, àwọn àgbà a máa fọkàn balẹ̀, wọ́n a ní: odò kì í kún títí kó kún bo ẹja lójú.